Ẹyẹ Méjì Tó Jọra, àti Ohun Tójú Mi Rí ní Ìmórù

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ìjẹta tí mo ti dé ni ẹ ti ń yọjú sí ìsọ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ ra ṣòkòtò, ẹ ó tú òkìrìkà mi wò títí, ẹ kò sì ní ra nǹkan kan. Mo mọ ohun tí ẹ ń wá. Àwọn kan ní mo lọ fẹ́ ọkọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní ilẹ̀ ni mo lọ rà. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí lọ kà á, kí èmi lè ráyè tajà.

Ẹyẹ ni mo wá lọ. Kì í ṣe ẹyẹ gidi bí àṣá tàbí igún o. Ẹyẹ bíńtín tí ara rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò alágbẹ̀dẹ lọ.

Rọ́fíátù, àbígbẹ̀yìn mi, ló fà á. Mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní ìwé ẹranko àti ẹyẹ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Ó ti wá ku iṣẹ́ kan ṣoṣo kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ló bá lọ mú irú ẹyẹ méjì láti ṣèwádìí lé lórí, tí wọ́n jọra bí ìbejì tí ìyá wọn rán aṣọ kan náà fún. Ẹ̀yìn wọn dà bí ewé tó fẹ́ gbẹ, ikùn wọn pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Bí òtútù bá ti ń mú nílùú Òyìnbó, wọ́n á fò wá sọ́dọ̀ wa wá yá oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìkejì, àwọn tó mọ̀wé ní ńṣe ló kàn ń gba orí wa kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án ní agbègbè Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó rí.

Rọ́fíátù ní òun gbọ́ ohùn ìkejì yìí ní abúlé Ìmórù níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn méjèèjì ló máa ń sín ohùn ẹyẹ ẹlẹ́yẹ jẹ, ohùn kì í ṣe ẹ̀rí. Tí kò bá mú ohun tó ṣeé fojú rí wá, kó ju iṣẹ́ náà nù, kó mú òmíràn, kó sì fi odidi ọdún kan kún ọdún tó ti lò. Ọmọ náà kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an. Ó ní apá ni. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, apá rẹ̀ kúrú; èyí tó ń kọjá lọ, apá rẹ̀ gùn. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fi ń ka ìwé ọdún márùn-ún. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń tú bélì òkìrìkà. Ẹ̀wù méjì á jọra ní kọ́là, á jọra ní bọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ ni wàá fi mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà kọ́. Èmi ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀nà lóde òní. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọbìnrin nìkan gbé àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ wọ igbó onígbó. Mo ti ìsọ̀, mo bá a lọ.

Ọ̀WỌ̀

Ojú ọ̀nà kò ṣeé sọ, n kò sì ní sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ la dé ìlú Ọ̀wọ̀, a sì wọ̀ sílé ìyá kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ láàárín ìlú, mùsùlùmí bíi tiwa, obìnrin rere. Yorùbá tó yé wa ló fi kí wa káàbọ̀. Bó ti yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀ báyìí, èdè yí padà. Ilé di ulé. Ọwọ́ di ọghọ́, wọ́n sì ń fà á láti inú ọ̀fun bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́rùn. Mo rò pé wọ́n ń jà nítorí wa ni. Rọ́fíátù ní kí n fara balẹ̀, ibi tá a máa sùn ni wọ́n ń jíròrò.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá náà bi mí ohun tá a wá ṣe. Mo ní ẹyẹ ni. Ó ní ṣé a ń tà á ni. Mo ní rárá. Ṣé a ń sìn ín ni. Rárá. Ó ní ó yé òun, a ń jẹ ẹ́. Mo ní a kì í jẹ ẹ́, a kàn fẹ́ wọn apá rẹ̀, ká sì fi í sílẹ̀. Ó wo ọmọ mi, ó wò mí, ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń kí abiyamọ tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọlọ́run á bá yín wò ó.”

Mo dúpẹ́.

ÌJẸ̀BÚ-Ọ̀WỌ̀

Rọ́fíátù ní ká kọ́kọ́ dán àwọ̀n wò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan oko kòkó. Ọ̀kadà la gùn lọ, èmi ni mo gbé ọ̀pá àwọ̀n lé èjìká. Ọlọ́kadà ní tó bá jẹ́ pé a wá gbé ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n sókè ni, òun ní àbúrò kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, kí ẹ lè bá mi káàánú ara mi. Àkùkọ kò tíì kọ tán tí wọ́n á ti jí ọ. Wàá ta àwọ̀n tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn sáàárín igi. Wàá lọ jókòó sínú ìrì. Wàá dìde lọ wò ó, wàá padà wá jókòó. Tí ẹyẹ bá kó sí i, ọmọ mi á fi ìka yọ ọ́ bí ẹni ń yọ òwú lára léèsì, á sọ ọ́ sínú àpò aṣọ kékeré, á mú rúlà, á na apá rẹ̀, á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i níkùn láti mọ̀ bóyá ó sanra. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, á la ọwọ́, ẹyẹ á lọ. Ẹyẹ kò ní sọ pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Apá kúkúrú ni gbogbo àwọn tó kó sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èmi náà ti mọ̀ ọ́n kó tó gbé rúlà: tí ẹyẹ bá pa apá dé, ṣóńṣó apá á kàn yọ díẹ̀ bí ẹ̀wù tó yọ lábẹ́ agbádá. Ti apá gígùn, nínú àwòrán tó fi hàn mí, á yọ gbọọrọ bí ọmọ tó wọ kóòtù bàbá rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò rí oníkóòtù kankan níbí. Ó ní ká máa lọ sí Ìmórù.

ÌMÓRÙ

Ẹni tó gbà wá sílé ní Ìmórù ni Bàbá Ọlájídé, àgbàlagbà tó ti ṣọdẹ rí kó tó gbájú mọ́ kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ìjọ Àgùdà ni òun àti ìyàwó rẹ̀. Bó ti gbọ́ orúkọ ọmọ mi, kò bi mí léèrè nǹkan kan, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìdí igi kan mọ́ tónítóní, ó ní ibẹ̀ ni kí n ti máa kírun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Àlájà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé kí ìrìn àjò yìí tó wáyé, n kò débi tó ju Ìlọrin lọ rí, ẹ má dá sí i. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ìwà wọn dára débi pé ó ń súni. Tí o bá dìde, wọ́n á dìde. Tí o bá ní o kò fẹ́ omi, wọ́n á rò pé omi kò tutù tó. Púpurú ni oúnjẹ wọn, ẹ̀gẹ́ kan náà tí gbogbo wa ń jẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fi èéfín yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó rò ó. Òkèlè àkọ́kọ́ dà bí ẹni tó jẹ ààrò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta mo ti ń béèrè rẹ̀ fúnra mi. Ìyá Ọlájídé á dúró sórí ẹni títí abọ́ á fi gbẹ, á wá ní, “Ẹ ò jẹun.” Mo ní mo jẹun, mà. Ó ní, “Ẹ ò jẹ ẹ́.” Mo tún jẹ.

Ní gbogbo òwúrọ̀ ni Bàbá ń gbé àpótí tẹ̀ lé wa lọ sídìí àwọ̀n. Tí Rọ́fíátù bá ti la ọwọ́ tí ẹyẹ fò lọ, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kejì, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Àlájà, ṣé ọmọ yìí kì í jẹran ni?”

Mo ní ó ń jẹ ẹ́. Mo ní ó kàn ń wọn apá wọn ni.

“Tó bá wọ̀n ọ́n tán ńkọ́?”

“Á fi í sílẹ̀.”

“Kó máa lọ síbo?”

Èmi náà ti ń bi ara mi láti Ọ̀wọ̀.

FỌ́TÒ

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin wa ní Ìmórù ni Rọ́fíátù kígbe pè mí láti ìdí àwọ̀n. Mo sáré débẹ̀. Ẹyẹ kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ níyà. Ó fi rúlà sí i, ó tún fi í sí i. Ó ní apá gígùn ni. Ohùn rẹ̀ kò ju ti aláàárẹ̀ lọ. Ó na fóònù sí mi, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì funfun yẹn, kí n ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kó lè dájú, mo tún un tẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ni ẹyẹ yí ara padà, ó yọ láàárín ìka rẹ̀ bí ọṣẹ, ó dorí kòkó, ó lọ.

A wo fóònù. Imú mi ló wà níbẹ̀. Imú mi lẹ́ẹ̀mejì, ó kún ojú fóònù bámúbámú, pẹ̀lú etí gèlè díẹ̀. Ó ní ojú fóònù tó ń wo ẹni tó mú un dání ni mo ṣí. Ẹ gbọ́, tó bá bú mi ni, ì bá sàn. Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún láìdún. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ó kọ ìwọ̀n apá ẹyẹ náà sí i. Ọ̀gá rẹ̀ fèsì pé òun rí imú, òun kò rí ẹyẹ. Ọjọ́ méjì péré ló sì kù fún wa.

Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ń tì mí, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ imú, mo kàn ní ẹyẹ tí ọmọ náà ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mi orí. Ó lọ fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ sílé.

ẸRAN ÀLEJÒ

Lọ́jọ́ kejì, Rọ́fíátù kò jí lọ ta àwọ̀n. Ó ní kí ni òun tún fẹ́ lọ ṣe. Mo jẹ́ kó sùn. Oòrùn ti ga nígbà tí Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, tí ìyàwó gbé àwo tí wọ́n fi ọmọrí dé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gbé ìyàwó wọlé.

Wọ́n ṣí i. Ẹyẹ mẹ́jọ ló wà nínú àwo, wọ́n ti yan wọ́n, wọ́n ti fi ata rodo sè wọ́n. Mẹ́jọ, bíńtín-bíńtín, kò sí ìyẹ́ lára ìkankan.

Bàbá ti ń wo bí ọmọ mi ṣe ń ta àwọ̀n láti ọjọ́ yìí. Ó ti mọ̀ ọ́n ta ju èmi lọ. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti gbé àwọ̀n wa lọ ta. Ó jókòó, ó sì sọ tinú rẹ̀ fún wa.

“Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Àlejò kì í fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹran jẹ. Ẹ wá sílé mi, ẹ wá ń ṣọ́ àwọ̀n lójoojúmọ́ lójú gbogbo abúlé, bí ẹni tí mi ò fún lóúnjẹ. Ojú ti ń tì mí. Ti àná tí ọmọ yìí fi wá sunkún nítorí ẹran, mi ò rí oorun sùn.”

Rọ́fíátù di ògiri mú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé tó bá jáde, ọkùnrin yìí kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Mo yára. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, mo wá ní ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ti ẹ̀sìn wa, ẹran tí mùsùlùmí kò bá dú, a kì í…

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé mo máa sọ bẹ́ẹ̀. Láàyè ló kó gbogbo wọn lọ bá Láwàní aránṣọ, mùsùlùmí kan ṣoṣo tó wà ní apá abúlé tiwọn. Láwàní ló dú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bísímílà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi wò ó: àgbà aránṣọ dá iṣẹ́ dúró, ó ń kọjú sí gábàsì, ó ń dú ọrùn tí kò tó ìgbálẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Mo wá bi Ìyá Ọlájídé bí ẹni ń ṣàwàdà pé ibo ni ìyẹ́ wọn wà. Ó ní ààtàn. Mo ní apá ńkọ́. Ó ní ṣóńṣó apá àti ẹsẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, òun ti gé gbogbo rẹ̀ dà síbẹ̀.

Wọ́n dúró sórí wa. Mo fẹnu sétí ọmọ mi, mo fi èdè Ṣakí sọ̀rọ̀ wàràwàrà. “Jẹ ẹ́. Bá a bá ṣe tètè jẹ ẹ́ tán la ó ṣe tètè dé ààtàn. Adìẹ wà níbẹ̀.”

Ó jẹ ẹ́. Ó dijú jẹ ẹ́, omijé ń dà á lójú. Ìyá Ọlájídé ní ata ló pọ̀ jù, ó sáré bu omi wá.

ORÍ ÀÀTÀN

Adìẹ márùn-ún ni a bá níbẹ̀, àkùkọ kan sì ti di nǹkan kan mẹ́nu. Mo lé wọn. Mo ká ìró sókè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tú eérú àti èèpo iṣu. Rọ́fíátù dúró, kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ààtàn àti bélì kò yàtọ̀: wàá kọ́kọ́ yọ ohun tí o kò wá, ohun tí o ń wá á wá dá kù.

Bí mo ṣe ń rí apá ni mo ń gbọn èèrà kúrò lára rẹ̀, tí mo ń tò ó sórí gèlè mi, òsì àti ọ̀tún ní méjì-méjì bí ìbọ̀sẹ̀. Àwọn kan tóbi, wọn kì í ṣe tiwa rárá. Mo yọ wọ́n. Àwọn kékeré kù, gbogbo wọn dọ́gba. Kúkúrú, kúkúrú, kúkúrú. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ọmọ náà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo fa ọ̀kan yọ lábẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́. Kò ní ìkejì, bóyá òun ni àkùkọ yẹn gbé. Mo tò ó ti àwọn yòókù. Ó yọ kọjá wọn.

N kò pariwo. Mo ní, “Rọ́fíátù, wá wo ọwọ́ ẹ̀wù yìí.”

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún wo ìyẹ́ kan báyìí tó kéré jù lọ létí rẹ̀, èyí tí èmi kò mọ̀ sí. Ó ní òun ni. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ààtàn, ó tún bú sẹ́kún. Mo ní kí ló tún kù. Ó ní ẹyẹ yẹn fò kọjá òkun, ó fò kọjá aṣálẹ̀, ata rodo ló wá kú sí ní Ìmórù, bóyá òun gan-an sì ni èyí tó já mọ́ òun lọ́wọ́ lánàá.

Kò parí síbẹ̀. Ó ní ìwé àṣẹ tí wọ́n fún òun ní kí òun fi gbogbo ẹyẹ sílẹ̀ láàyè. Tí ọ̀gá òun bá gbọ́ bó ṣe kú, ó lè gba ìwé náà. Mo ní èyí rọrùn, kọ ọ́ pé ojú ọ̀nà lo ti rí apá he. Ó wò mí.

“Màámi, tí mo bá parọ́ bó ṣe kú, ta ló máa gbà mí gbọ́ pé Ìmórù ló ti wá?”

Mo pè é ní òmùgọ̀. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé Bàbá ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ibi tí mo lè gbà já ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá sìn wá dé ìdí ọ̀kadà. Rọ́fíátù kúnlẹ̀, ó sọ fún un pé ọ̀kan nínú ẹyẹ tó mú ni ẹnikẹ́ni kò tíì mú ládùúgbò yẹn rí, pé tó bá tún rí irú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Ó rò ó wò. Ó ní nítorí tirẹ̀, ó dáa, òun á sọ fún Láwàní.

ỌFÍÌSÌ Ọ̀GÁ

Mo tẹ̀ lé Rọ́fíátù lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì. Èmi ni mo ya imú, èmi ni mo ní kó jẹ ẹyẹ. Mi ò lè jókòó síta.

Ọkùnrin náà gbẹ, ojú rẹ̀ le. Ó mú apá náà jáde nínú àpò ìwé, ó gbé dígí lé ojú, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó na rúlà. Ó wá gbé ojú sókè, ó ní apá gígùn ni, kò sí àní-àní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Ó mú bírò.

Ó ní, “Ara rẹ̀ tó kù ńkọ́? A máa nílò rẹ̀.”

Rọ́fíátù ló kọjú sí. Mo ní, “Sà, èmi ni kí ẹ bi. Èmi ni mo jẹ ẹ́.”

“Rárá, sà,” ọmọ mi ní. “Àwa méjèèjì ni.”

Ló bá ń rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: àpótí Bàbá, àwọ̀n, Láwàní, àwo, ààtàn. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà yọ dígí, ó nu ojú, ó tún un dé. Ó ní òun kò ní gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí kan ata, kó sì kọ orúkọ Bàbá Ọlájídé sí i pé òun ló mú ẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò ní fi ọdún kún ọdún.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ti kọ̀wé lórí ìyàtọ̀ ẹyẹ méjì yìí, kò sí ẹni tó tíì jẹ wọ́n pọ̀ nínú àwo kan. Ó ní ṣé mo rí ìyàtọ̀ kankan.

Mo ní kò sí, sà. Egungun ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.